Ààrò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún yín, torí tí mi ò bá sọ ọ́ síta, àyà mi á bẹ́.

Gàrí la ń yan ní Ìjoun níbí. Àwa obìnrin mẹ́fà la jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, èmi sì ni akọ̀wé torí pé mo ka ìwé díẹ̀. Ìwé yẹn ló kó bá mi!

Lóṣù tó kọjá, àwọn àlejò kan wá láti ìlú ńlá. Wọ́n ní àwọn olórí ayé ti tọwọ́ bọ̀wé ní ìpàdé òkè òkun pé èéfín gbọ́dọ̀ dínkù, kí òjò lè padà sí bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́ o. Àwa náà mọ ohun tí ojú wa ń rí lóko. Wọ́n máa fún wa ní sítóòfù tuntun tí kì í jẹ igi púpọ̀, àmọ́ ká kọ́kọ́ wó ààrò alámọ̀ wa, kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò.

Ta ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́? Èmi ni! Mo wó tèmi, mo ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìyá Sàkírà, opó tó wà láàárín wa, ń lọ́ra. Ó ní kí sítóòfù kọ́kọ́ dé ná. Mo bi í bóyá kò fẹ́ ìlọsíwájú ni. Mo tún ní kó lọ hú gbogbo ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ sílẹ̀, pé kíá la máa yan án. Oko kan ṣoṣo tó ní nìyẹn! Ó gbọ́ tèmi. Ó wó ààrò, ó hú ẹ̀gẹ́, a rin ín, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè jáde.

Màmá Àgbà, ìyá ọkọ mi, nìkan ló kọ̀. Wọ́n jókòó síwájú ààrò wọn, wọ́n ní ẹni tó bá máa wó o kó kọ́kọ́ wó àwọn. Ojú tì mí. Mo ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má bínú, arúgbó ni.

Sítóòfù dé, ó ń dán. A gbé agbada gàrí lé e. Yéè! Ó dojú dé! Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Agbada tiwa, èèyàn méjì ló ń gbé e.

Mo pe àwọn àlejò, fóònù wọn ò lọ. A po amọ̀ láti mọ ààrò míì, òjò dé, amọ̀ ń ya lulẹ̀ bá a ṣe ń mọ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ sì ń kan nínú àpò. Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ keje! Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo wá lọ kúnlẹ̀ fún Màmá Àgbà. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn ní kí n dìde, kí n lọ ṣẹ́gi wá. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́.

Ààrò kan, obìnrin mẹ́fà! Mo ní ká kọ́kọ́ yan ti Ìyá Sàkírà. A tú àpò rẹ̀, ó ti bu, ó ti dúdú, ó ń rùn. Òun ló kọ́kọ́ hú ẹ̀gẹ́ nínú gbogbo wa, torí pé òun ló gbà mí gbọ́ jù.

Kò bú mi. Ì bá bú mi! Ó kàn béèrè pé, "Akọ̀wé, ṣé ẹnikẹ́ni wọn agbada?"

Àná ni àwọn àlejò tó pè. Fọ́tò ni wọ́n ń béèrè, pé ká dúró ti sítóòfù ká rẹ́rìn-ín. Mo fi fọ́tò àpò Ìyá Sàkírà ránṣẹ́. Wọ́n ní báwo ni agbada wa ṣe fẹ̀ tó?

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, Ìyá Sàkírà bá mi di etí kejì mú. Kò wojú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ìwé òkè òkun dáa, àmọ́ ẹ wọn agbada kẹ́ ẹ tó gbé sítóòfù wá. Ẹ má sì wó ti àtijọ́ títí tuntun á fi ṣiṣẹ́ lójú yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n gbé wá sí ọ̀dọ̀ yín láì wọn nǹkan kan? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀gẹ́ tó gbó lóko tó lè fi ta opó lọ́rẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Oko Ìyá Sàkírà ti ṣófo, èmi ni mo ní kó hú u.