Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Mi Kọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà dé nígbà náà, orí mi sì wú ju ti ẹni tó kọ́lé alájà lọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Ẹ̀jìgbò ní kí n ṣe ojú-ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbíjàn yóò ti máa forúkọ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì tí yóò kó wọn wálé ọdún. Wọ́n ti kọ́ wa pé àwọn olè a máa kọ àṣẹ burúkú sínú àpótí tí à ń kọ orúkọ sí, kí wọ́n lè fi ba ojú-ewé jẹ́. Ìbẹ̀rù wọn ló mú mi sọ fún ẹ̀rọ pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán nìkan ni kó gbà. Èyí tó bá ní àmì lórí tàbí lábẹ́, kó dá a padà. Mo wá fi ọgbọ́n orí mi kọ èsì tí ẹni náà yóò rí: “A kò mọ orúkọ yìí.” Inú mi dùn sí i gan-an.

Ìyá àgbà kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn a máa gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a bèèrè bóyá orúkọ ọmọ òun ti wọlé. Ọmọ náà ti bá bàbá rẹ̀ jà, ó bínú lọ sí Àbíjàn, kò sì wálé mọ́ títí bàbá fi kú. Ó wá ránṣẹ́ pé òun yóò bá bọ́ọ̀sì ọdún yìí wá. Èmi a wo ẹ̀rọ, màá ní, “Ẹ má bínú, Màmá, kò tíì sí o.” Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún ni mò ń bú nínú ara mi, pé ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, Ìyá mú nọ́ńbà ọmọ náà wá, ó ní kí n bá òun pè é. Mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí Ìyá lè gbọ́ dáadáa.

“Ọmọ mi, o ò ní wálé mọ́ ni?”

“Màámi, ṣebí ilé ní àwọn ò mọ orúkọ mi. Bí Bàbá ṣe kọ́ mi, tàmì tàmì, ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ní Bàbá ti kìlọ̀ fún wọn kó tó kú pé kí wọ́n má gbà mí mọ́ ni.”

Ojú tì mí, bí ilẹ̀ bá lanu, màá wọ̀ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ dákun, Màmá, èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ máa sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ilé.”

“Ẹ̀rọ yẹn ló bí i ni?” Ìyá bi mí. “Dìde, jẹ́ kó wọlé.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo jókòó ti iṣẹ́. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba lẹ́tà gbogbo bó bá ṣe wá, ibi tí orúkọ ti ń jáde sójú-ewé ni mo wá fi ìṣọ́ sí, kí àṣẹ olè tó bá wọlé di ọ̀rọ̀ lásán. Ohun tó yẹ kí n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí Ìyá tó mu omi tí mo gbé fún un tán, orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó tún kọ ránṣẹ́ ti dé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi han òun, ó sì fi ìka kàn án.

Ọmọ náà bá bọ́ọ̀sì wálé. Ìyá ṣì ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi títí di òní, a sì máa pè mí ní ọ̀gá aṣọ́bodè, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá tó bí mi. Èsì burúkú yẹn ti parẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tó kà á lẹ́yìn odi, tí wọn kò ní ìyá tí yóò wá bèèrè wọn, n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀ wọ́n.