Àkísà Kejì Nínú Ìbọn Olóògbé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Yésúfù Àrẹ̀mú, máṣíìnì ìránṣọ ni mo gbé lọ bá a ní ọjà Albert, nígbà tí Banjul ṣì ń jẹ́ Bathurst. Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀, ó ń tú máṣíìnì náà, ó sì ń to gbogbo ohun tó bá yọ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo fẹ́ ré aṣọ náà kọjá, ó na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó yọ gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá tú wọn ká, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

Irinṣẹ́ tó fi ń ṣe é, ogun Bọ́mà ló ti mú un bọ̀. Àwọn ológun ló ni ín, fún títú ìbọn àti ìtọ́jú rẹ̀. Kò tó ọ̀bẹ ìjẹun. Apá kan rẹ̀ ń tú sùkúrù, apá kan rí ṣóńṣó fún títi ìṣó kéékèèké jáde, apá kan sì mú láti fi ha ìdọ̀tí ẹ̀tù. Okùn gígùn kan ń bá a rìn, idẹ wúwo wà lórí rẹ̀. Idẹ náà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ gba inú ọ̀pá ìbọn, ojóbó tó wà ní ìdí okùn yóò sì fa àkísà olóròóró tẹ̀lé e. Nígbà tí òwò gbé Yésúfù láti ilẹ̀ Yorùbá dé Gambia, tí òwò náà kò lọ déédéé, irin kékeré yìí ló ń bọ́ ọ: máṣíìnì àwọn télọ̀ ní òwúrọ̀, ìbọn àwọn ọdẹ ní ọ̀sán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ètò orí aṣọ funfun ló ń gbà á, nítorí ìka rẹ̀ mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìka kò lè ṣe. Bí a bá fa àkísà tán, a ní láti gbé ìbọn sókè, kí a wo inú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Bí ó bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ róbótó bí owó onírin. Yésúfù ṣì ń gbé ìbọn sókè. Á dúró bí ẹni tó ń wo nǹkan, á sì wí pé, "Ó mọ́." Kàfáyàt ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fura. Ẹ̀rù ń ba Yésúfù pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, kò sẹ́ni tí yóò gbé iṣẹ́ wá mọ́, wọn yóò sì fà á lọ́wọ́ padà sílé bí alágbe.

Ní àkókò òjò ọdún kan, Georgiana, olùkọ́ kan láàrin àwọn Akú onígbàgbọ́, ìran Yorùbá tó wà ní Gambia, ní àdúgbò Half Die, gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ wá. Horace ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ, ó ti kú, àwùjọ ogójì ọjọ́ rẹ̀, ìyẹn àsè ìrántí òkú, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wọn, kí a tó pín oúnjẹ àwùjọ, ìbọn olóògbé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún nínú àgbàlá rẹ̀, láti ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Bí kò bá tíì dún, wọ́n gbà pé olóògbé ṣì ń wẹ̀yìn.

"Kúṣẹ́ o, Pa Yésúfù," ni obìnrin náà wí. Ìkíni yẹn nìkan ti tó láti mú Yésúfù rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn mọ́ ọn bí ti ilé.

Malick, télọ̀ tó wà nítòsí, na ọrùn wo ìbọn náà. "Pa, ìbọn yìí ti dàgbà jù wá lọ. Bí ó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, Wólófù àtijọ́ ni yóò sọ."

"Máṣíìnì tìrẹ náà ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀," ni Yésúfù dá a lóhùn, "a ò sì tíì rí ṣòkòtò."

Ìpẹtà ti jẹ inú ìbọn náà. Okùn ológun sì rèé, ìbọn tóóró ni wọ́n ṣe é fún. Ti ọdẹ fẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, àkísà méjì ni Yésúfù máa ń ki bọ inú ojóbó. Ní ọjọ́ àwùjọ, Lewis, àbúrò olóògbé, ti dúró tì í, ó ń kánjú. Yésúfù fa okùn, ó há. Ó fà á tagbára-tagbára, ó jáde. Ó gbé ìbọn sókè, ó dúró díẹ̀.

"Ó mọ́," ni ó wí. Lewis gbé e lọ.

Nígbà tí ó ń kó àkísà jọ fún fífọ̀, ẹyọ kan ló bá. Ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ó fọwọ́ wá itan rẹ̀.

"Ìyá Bàṣírát, àkísà mélòó lo rí níbí?" ni ó bi Kàfáyàt.

"Ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ yín náà ni. Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?"

"N ò rí i. Ó ti pẹ́ tí mi ò ríran mọ́. Dìde, mú mi lọ sí Half Die."

Kàfáyàt kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó di apá rẹ̀ mú lójú gbogbo ọjà, wọ́n sì wọ́ omi òjò tó kún òpópónà Half Die kọjá. Bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, Lewis ti gbé ìbọn lé èjìká.

"Lewis, má yìn ín!"

"Pa, ẹ sinmi," ni Lewis wí. "Oúnjẹ ò tíì tán." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Àkísà wà nínú ìbọn yẹn. Mo ní ó mọ́, n kò sì rí inú rẹ̀. Ojú mi ti lọ."

Ẹ̀rín dá. Lewis yọ ọta, ó gbé ìbọn kọjú sí ọ̀run, ó wo inú rẹ̀. Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ìbọn ì bá bẹ́, ojú mi ni ì bá fọ́," ni ó wí.

Georgiana bi Yésúfù pé, "Ṣé irinṣẹ́ yín wà lọ́wọ́?"

"Kì í kúrò lápò mi."

Obìnrin náà ká aṣọ funfun kan kúrò lórí tábìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un. Yésúfù tú ìbọn náà, ó tò ó láti òsì dé ọ̀tún, kò sì sí ẹni tó ré aṣọ náà kọjá. Wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ ti àkísà náà jáde láti òdìkejì. Kàfáyàt gbé ọ̀pá ìbọn sójú.

"Kí lo rí?"

"Ìmọ́lẹ̀. Ó rí róbótó."

"Lewis, wá wò ó fúnra rẹ."

Lewis wò ó, ó sì ní ó mọ́. Nígbà tí ìbọn Horace dún, àwọn ẹyẹ etí odò fò sókè. Àwo òlẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ Yésúfù ni Georgiana gbé e lé.

Àwọn ọdẹ kan kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn tó padà wá kò gbé ìbọn wọn lọ títí Kàfáyàt yóò fi wo inú rẹ̀.

Ní Talinding, lẹ́yìn odi Banjul, ni tọkọtaya náà ń gbé báyìí. Kàfáyàt ló ń lọ sí ìsọ̀ ní ọjà Albert, irinṣẹ́ ológun náà sì wà nínú àpò rẹ̀. Yésúfù ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.