Ilé Tí Mi Ò Dé Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ òórùn yẹn: iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná àti eérú koríko tí wọ́n sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì tí a ti sin ìyá bàbá mi, bàbá mi sì ní ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá wa kẹ́dùn.

Ẹsẹ̀ la fi ń dúpẹ́ nígbà náà. A gba ọ̀nà odò jáde, a ó gba abúlé mẹ́rin kọjá, a ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ní ilé kọ̀ọ̀kan bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ fáwọn àgbà, èmi náà á nà gbalaja lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Láàárín abúlé sí abúlé, pápá ti hu koríko tútù, òdòdó wẹ́wẹ́ funfun sì kún inú rẹ̀.

"Bàbá, ó ku abúlé mélòó?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o bi. Òun ló ń kà á."

Ní abúlé kẹrin, bàtà ti bó bàbá mi lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, ó nawọ́ sí ilé kan tó dá wà lódìkejì pápá. Ilé Ìyá Àjíkẹ́ ni.

"Àwọn ló wẹ òkú ìyá mi. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́, ẹsẹ̀ ló dá mi dúró. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ o."

Mo lọ. Mi ò tíì dé ìdajì pápá tí mo fi rí olú, funfun báláú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán. Mo ká a kún fìlà. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti yí, ilé náà sì ṣì jìnnà. Mo sáré padà.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun, sà."

"Àwọn ló fún ọ lólú yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi ṣàdúrà fún ìyá náà títí a fi délé. Mo ń ṣe àmín. A sì fi olú yẹn se ọbẹ̀, ó dùn.

Kí oṣù tó parí, Ìyá Àjíkẹ́ tẹ ọ̀pá wá sílé wa. Wọn ò gbà láti jókòó. "Ọmọ mi, mo kàn wá béèrè ni. Ṣé mi ò wẹ̀ wọ́n dáadáa ni?"

Bàbá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ nínú eruku iwájú ilé. "Ẹ̀bi mi ni, Màmá." Kò nà mí. Ká ní ó nà mí ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sin bàbá mi nílé. Nígbà tí mo padà sí Dallas ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ń gbé, mo gbé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, sínú ọkọ̀ ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá wa kẹ́dùn nílùú tó yí wa ká: Carrollton, Denton, ká sì gba Cedar Hill wọlé. Òdòdó aláwọ̀ aró tẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ọmọ náà fi òyìnbó bi mí pé ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní fóònù ni.

"Ẹsẹ̀ la fi ń dúpẹ́," ni mo wí.

"Táyà lẹ̀ ń lò, Dádì."

Ilé tó kẹ́yìn jẹ́ ti màmá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà ọ̀fọ̀, wọ́n wá fọ gbogbo abọ́ ilé wa láìsọ fẹ́nì kan. A kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ mi ní ká fi ìwé sílẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó lé ní wákàtí kan kí ọkọ̀ wọn tó yà wọlé, mo sì nà gbalaja lórí kankéré, orúnkún ń ké. Ọmọ mi wo fèrèsé àwọn ará àdúgbò títí, ó wá kúnlẹ̀.

"Ha! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni màmá náà ń wí. "Kí ni mo ṣe? Ṣebí abọ́ lásán ni mo fọ̀."

"Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, Màmá."

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí báyìí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi rin pápá yẹn já, ilé ẹlòmíràn ni mo sì dé.