Epo Ti Ọkọ, Èkùrọ́ Ti Ìyàwó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mú obìnrin wọ iṣẹ́ olóṣù nílé iṣẹ́ epo pupa tó wà lẹ́yìn Òrè nígbà ìjọba ológun, èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, kó tó di pé ẹlòmíì bá mi sọ ọ́.

Ìlú le nígbà náà. Àwọn ṣọ́jà ń sọ lórí rédíò pé ká ní sùúrù, bí ẹni pé sùúrù ṣeé sè jẹ. Ọkùnrin nìkan ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà síṣẹ́ olóṣù. Lébírà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àwa obìnrin ṣe. Bí ara rẹ kò bá yá lónìí, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ni àwọn ìyá ní Odìgbó, ìlú wa, bá pé jọ, wọ́n ní èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá ni kí n lọ bá máníjà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lé mi. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó gba àwa méjìlá, pẹ̀lú lẹ́tà, pẹ̀lú ìsinmi ìbímọ. Èmi ló fi ṣe akọ̀wé.

Àbúrò ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà, tí mo ń pè ní Ìyá, wà nínú wọn. N kò sọ fún máníjà pé èèyàn mi ni, kó má baà ní ẹbí ni mo kó wá. Ìyá kò lè ka lẹ́tà tirẹ̀. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó fi sáàárín Bíbélì.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí obìnrin bá bá ọkọ rẹ̀ ṣa ẹyìn, tó bá a sè é, tó bá a fún un, epo ni ti ọkọ, èkùrọ́ ni ti ìyàwó. Kò sẹ́ni tí í tọrọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà tí a gba lẹ́tà, bí Ìyá ṣe ṣíwọ́, ó bu èkùrọ́ sínú agbọ̀n, ó gbé e karí. Kò fi nǹkan kan bò ó. Ó tilẹ̀ dúró kí mẹ́gáàdì pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó dàárọ̀." Mẹ́gáàdì dì í láṣọ mú, ó pariwo olè.

Máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo kó wọn wá. Ṣé bí gbogbo yín ṣe ń ṣe nìyí, àbí olè ni obìnrin yìí?"

Yéè! Bí mo bá ní àṣà wa ni, á ní gbogbo wa la ó máa kó èkùrọ́ òun lọ, á sì lé àwa méjèèjìlá. Ìyá ń wò mí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó gbà pé mo máa ṣàlàyé.

Mo ní, "Olè ni, sà."

Wọ́n gba agbọ̀n lórí rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ má sọ fún mi pé mo gba àwọn tó kù là. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí, irọ́ ni. Iṣẹ́ akọ̀wé mi ni mo ń rò.

Mo délé, mo bá Ìyá nídìí ààrò, mo kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi.

Ó ní, "Dìde, jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìwọ àtàwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ bá pàdé mi lọ́nà, má kí mi. Wọn kì í fi ọmọ olè ṣe akọ̀wé."

Ẹ̀ẹ̀mejì la pàdé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú títì Òrè. N kò kí i.