Orúkọ Tí Àwọn Ṣòṣónì Kì Í Pè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun wọ àdúgbò wa ní Monrófíà, lórílẹ̀-èdè Làìbéríà, ìyá mi ń din àkàrà, bàbá mi sì ń to aṣọ tó ń tà sórí tábìlì níwájú ilé. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Ìbọn kọ́kọ́ dún lókèèrè, bí ìgbà tí èèyàn ń la igi ìdáná. Bàbá mi ní kí ìyá mi kó èmi àti Kúnlé àbúrò mi gba ẹ̀yìn ilé jáde, pé òun fẹ́ lọ gbé ọ̀rẹ́ òun kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, òun ń bọ̀ lẹ́yìn wa. A ò rí i mọ́.

Irà la sá sí, níbi tí àwọn igi ti ta gbòǹgbò sínú omi. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń wá àwa ọmọ Nàìjíríà kiri nígbà yẹn, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń bá wọn jà, ìyá mi sì kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá sókè. Ojú àti ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bí ìbọn ńlá bá ró, omi á máa mì yí wa ká. Nígbà tí oúnjẹ tán, a jẹ ewé, a jẹ àárín igi ọ̀pẹ tó rọ̀, ìyẹn náà sì tán.

Lọ́jọ́ kan ìyá mi wú iṣu igbó kan. Ó jọ gúdúgúdú, iṣu tó máa ń pa èèyàn bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n sè. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó sè é nínú ìkùukùu òwúrọ̀ kí wọ́n má baà rí èéfín, ó sì jẹ díẹ̀ níṣojú wa. Kúnlé na ọwọ́ sí i. Ìyá mi gbá ọwọ́ náà dànù.

“Ẹ dúró dọ̀la,” ló wí. “Bí ẹ bá jí mi tí mi ò dáhùn, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ máa tẹ̀ lé omi yìí lọ sọ́nà òkun.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jí i. Ó dá wa lóhùn. A jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí mo bí sí Lucan ní ilẹ̀ Ireland níbí, ẹ ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí lọ́pọ̀ ìgbà nípa ogun yìí, mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Donna ló là mí lẹ́nu. Àwa méjèèjì la jọ ń di oògùn sí páálí ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle. Ará Ireland lọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ṣòṣónì lòun, àwọn tó ti ń gbé ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kan, irin tí wọ́n ń to páálí sí ya lulẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn yòókù ń bi mí bóyá mo wà “grand”, ìyẹn ni pé bóyá kò sí nǹkan tó ṣe mí. Donna ò bi mí ní nǹkan kan. Ó rá pálá wọ abẹ́ tábìlì náà, ó jókòó tì mí.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo bi í ìdí tí kò fi béèrè. Ó ní nílé àwọn, wọn kì í bi ẹni tó sá pamọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á dúró tì í títí yóò fi jáde fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí àṣà náà ti wá, ló bá sọ ìtàn ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba Amẹ́ríkà ya bo àgọ́ wọn lẹ́bàá odò, ní ìgbà òtútù. Ìyá rẹ̀ tì í sínú ìsun omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín omi náà sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá náà ò rí ààyè wọ inú omi tẹ̀ lé e kí wọ́n tó pa á. Àwọn tó yè rìn nínú yìnyín lọ bá àwọn ìbátan wọn, wọ́n ń jẹ irúgbìn koríko tí eku kó pamọ́ sínú ihò.

Mo bi í bí irúgbìn náà ṣe rí lẹ́nu, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ihò eku lábẹ́ yìnyín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún bi í ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí ìbọn dákẹ́. Ó ní yìnyín orí odò tó ń sán ni. Mo sọ fún un pé nígbà tí àwa padà sí àdúgbò wa, ajá kan ò gbó. Ebi ti mú kí àwọn èèyàn pa gbogbo ajá jẹ tán. Ilé wa ṣì dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni nínú rẹ̀; a ò bá bàbá mi níbẹ̀.

Mo wá béèrè orúkọ ìyá tó ti ọmọ rẹ̀ sínú omi yẹn.

“A kì í pe orúkọ òkú nílé wa láyé ìgbà yẹn,” Donna wí. “Ọmọ náà ò pè é títí ó fi darúgbó. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ti wá a títí.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá tìrẹ ńkọ́, kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. Obìnrin ilé wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Bọ́lá ni ìyá mi ń pè é títí ọlọ́jọ́ fi dé bá òun náà. Èmi Bọ́lá, bàbá mi ni mò ń pè é. Bàbá àgbà ni ẹ̀yin ọmọ mi ń pè é nínú àdúrà. Mo wá rí i pé kò sí ọ̀kankan nínú yín tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Mo pè é níbẹ̀, láàárín ìró ṣíbí àti abọ́: Àjàdí.

Donna pè é, ó ṣì í pè. Mo tún un ṣe fún un. Ó rọra ń pè é lọ, títí ohùn orúkọ náà fi gún régé lẹ́nu rẹ̀.