Ìtẹríba Létí Ọ̀sà

Apá ọ̀tún mi ló gbé mi dé etí ọ̀sà Bàrígà. Ó ti gan débi pé n kò lè wé gèlè fúnra mi mọ́, dókítà sì ní kí n wá eré ìdárayá tí kò le. Aládùúgbò mi kan ní Ṣómólú ló sọ fún mi pé àwọn àgbàlagbà kan máa ń ṣe eré ìmí àwọn ará Ṣáínà láàárọ̀ Sátidé, lórí ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì kan lẹ́bàá Ìlàjẹ. Kò sọ ẹni tó ń kọ́ wọn fún mi. Ká ní ó sọ ni, apá náà ì bá kúkú gan síbẹ̀.

Ẹni tí mo bá níwájú wọn, nínú ṣòkòtò funfun báláú, ni obìnrin tó gba ipò ọ̀gá ilé ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, mo ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró níwájú ọmọ kíláàsì. Nígbà tí ipò ṣí sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ kí àwọn kan ní ọ́fíìsì. N kò mọ bí ìkúnlẹ̀ náà ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ọ̀gá mi ni. Láti ọjọ́ náà, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ fún mi mọ́. Ó kàn ń mi orí sí mi bí alángbá. Ohun tí mo sì ń fẹ́ láti ìgbà yẹn, kí n tó kú, ni kí obìnrin yìí kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ló wí, ó mi orí. “Ẹ wá àyè dúró sí.”

Mo dúró sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹlẹ́ja kan tí òórùn ẹja yíyan ara rẹ̀ kò jẹ́ kí n mí bí wọ́n ṣe ní ká mí. Wọ́n ní ká gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ká tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí tí kò sí níbẹ̀, ká sì fa èémí lọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo, níbi tí agbára ara ń sùn sí. Èmi kò bá agbára kankan níbẹ̀, ẹ̀kọ tí mo mu láàárọ̀ ni mo bá. Ìyẹn kò bí mi nínú. Ìparí eré ló bí mi nínú: gbogbo wọn pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì tẹríba síhà ibi tí obìnrin náà wà.

Mo dúró ṣánṣán bí òpó iná.

“Ẹ tẹríba, mà,” ló wí.

“Fún ta ni?”

“Kì í ṣe fún mi. Agbára inú ara là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni agbára náà?”

Ìyá ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ìyá, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà ò mọ̀ pé ẹ jù ú lọ.”

“Kí ẹnì kan sọ fún wọn.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Apá mi ń dẹ̀, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò tẹríba. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èmi ni kò jẹ́ kí agbára náà rìn dáadáa láàárín wọn.

Ní Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ kọ́ wa ní ìdúró ẹni tó gẹṣin. “Àwọn tí ara wọn ti gan, kí wọ́n máa wòran,” ló wí, ó sì rìn wá síwájú mi gan-an kí n lè ríran wò. Ó tẹ orúnkún, ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Nǹkan dún nínú orúnkún rẹ̀ bí igi gbígbẹ tó dá. Ká tó mọ̀, ó ti wà lórí orúnkún méjèèjì níwájú mi, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, tí àbúrò bá kúnlẹ̀, àgbà kì í béèrè ohun tó fà á. Ẹnu mi ti ṣí kí n tó ronú.

“Wàá pẹ́ fún wa. Àwọn ọmọ rẹ á kúnlẹ̀ kí ìwọ náà.”

“Àmín,” ni gbogbo wọn wí.

“Mi ò kí yín o,” ló wí láàárín eyín. “Orúnkún ló há.”

“Mo ti dáhùn. Àdúrà kì í padà sẹ́nu.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dìde, mà.”

“Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i,” ni ìyá ẹlẹ́ja wí. Mo ti sọ ìtàn náà fún un láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Mo na ọwọ́ méjèèjì, apá burúkú náà sì bá mi lọ láìráhùn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè gbé ẹni tó wà nílẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ gbé e, ó sọ ọ́ sí mi létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Ẹ ti tẹríba.”

“Ẹrù ni mò ń gbé,” ni mo dá a lóhùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó fi aṣọ di orúnkún wá. Nígbà tí eré parí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ọ̀sà níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń kó àwọ̀n, ó sì bá wa tẹríba fún omi. Kò sọ ìdí rẹ̀, n kò sì béèrè. Ọ̀sà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo tẹríba.

Mo ti kúrò lẹ́yìn báyìí, iwájú ni mò ń dúró sí. Mo wé gèlè lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, fúnra mi, mo sì jẹ́ kó ga. Ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́yìn mi ní òun ò ríran mọ́.