Wọ́ọ̀dù Ọ́ọ̀fù

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lédè òyìnbó ní Agbowó, n kì í sì í ṣàánú ẹni tó bá ṣì í sọ. Bí ọmọ bá fẹ́ pa iná, tó wá ní "Off the light," inú á bí mi bíi pé baba mi ló bú. Gbogbo wọn mọ̀ pé n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìyá tó bí mi nìkan ni apá mi ò ká.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá Màmá dúró sí ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Kókó kan wú sí wọn nínú ikùn. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, pé bí kókó náà bá pẹ́ sí i níbẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí wọn. Màmá ò gbọ́! Bí dókítà bá ti yọjú báyìí, wọ́n á ní, "Aúsù bíláhì!" bí ẹni tó rí èṣù, wọ́n á sì kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo bínú, mo sunkún. Wọ́n ní ọ̀bẹ ò ní kan ikùn tó gbé mi. Èmi nìkan ni wọ́n bí, àwọn nìkan ni mo sì ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n, mo ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Mo ń kà á jẹ́jẹ́: "ward off, fend off, fight off, keep off."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òyìnbó ni, Mà. Gbogbo wọn ni pé kéèyàn lé nǹkan burúkú sẹ́yìn."

"Gbogbo rẹpẹtẹ yìí? Ṣé wọn ò lè sọ pé àwọn kọ̀ ọ́ ni? Tún ti àkọ́kọ́ yẹn kà."

"Ward off."

Wọ́n dìde jókòó. "Wọ́ọ̀dù ọ́ọ̀fù! Wọ́ọ̀dù tá a wà yìí náà? Kí wọ́n pa á bí iná, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀?"

Mo ti lanu láti tún un ṣe, àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín wọn. Mo gbé tíṣà inú mi mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè wọ́ọ̀dù ọ́ọ̀fù lásán. Àfi kí nǹkan burúkú kọ́kọ́ kúrò lára ẹ̀."

Wọ́n nàka sí mi. "Ìwọ yìí, o fẹ́ fi òyìnbó mú mi."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà sílé ni, Mà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé ibi tí kókó yẹn le sí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà," wọ́n ní. "Ìdí tí mo fi ń lé dókítà nìyẹn. Lọ pè é wá."

Nígbà tí wọ́n gbé wọn wọlé fún iṣẹ́ abẹ, mo jókòó síta, gbogbo òyìnbó tí mo gbọ́ sì fò lọ lórí mi. Aúsù bíláhì nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, mo rọra gbé wọn wọ ọkọ̀. Màmá yíjú sí ilé ìwòsàn náà, wọ́n juwọ́ sí i.

"Alihamudulilai! Tíṣà, mo ti wọ́ọ̀dù ọ́ọ̀fù o!"

Èmi tí mo máa ń fi bírò pupa fagi lé ohun tó kéré jùyẹn lọ, mo nu ojú mi.

"Ó tọ̀nà, Mà," ni mo wí.